Kọnkéré Tí Alága Ò Fi Iyọ̀ Sí

Bí ẹ bá dé Ìlọ́bù lónìí, tí ẹ rí ọkùnrin sísanra kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé alájà, tó ń wòkè, tó ń wòkè, tí kò wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ kí i dáadáa. Ẹ ní, "Ẹ kú ìdúró, Alága." Kò sí nǹkan tó tún jẹ́ alága lé lórí mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣì máa ń dùn mọ́ ọn, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o.

Gbàdàmọ́sí ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí. Aṣọ ló ń tà kí wọ́n tó fi í ṣe alága Àjọ Àtúnlò Àwókù, àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa kó àwókù ilé àti búlọ́ọ̀kù fífọ́ tó wà káàkiri Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, kí wọ́n rún un wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fi po kọnkéré tuntun. Ohun tó dáa ni. Èmi ò bá àwókù jà rí. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá rẹ̀ ni mo ní ẹjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n rán an lọ sí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ní Àbújá, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ṣàlàyé bí kọnkéré àwókù ṣe ń gbé ẹrù. Lọ́jọ́ kìíní, ó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra bàtà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó wá. Ó fi gíláàsì bo ìwé náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri, àtìgbà náà ló ti di Ẹnjiníà.

Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ni Kingsley, agbẹnusọ rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni bàbá Kingsley ti wá, ṣùgbọ́n Ìlọ́bù ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì yọ̀ ju ti ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rìn níwájú Alága, kó máa ké: "Ẹ yàgò! Alàájì Ẹnjiníà Gbàdàmọ́sí ń bọ̀! Ọba àwókù! Ẹni tó fọwọ́ kan ilé tó wó, tí ilé ń bi í pé, bàbá, ṣé kí n dìde báyìí?" Bí Alága bá sín, Kingsley á ní ẹ gbọ́ bó ṣe ní ìlànà tó. Bí Alága bá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, á ní kí gbogbo ilé dákẹ́, ọgbọ́n ń bọ̀ lọ́nà.

Iṣẹ́ ńlá tí Alága dáwọ́ lé ni kíláàsì tuntun fún àwọn ọmọ kékeré, ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lójú ọ̀nà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n. Ó ní dandan, kíláàsì náà gbọ́dọ̀ ní dẹ́kìn kọnkéré lórí, torí pé orí dẹ́kìn náà ló fẹ́ gbé ọ́fíìsì rẹ̀ sí. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún nísàlẹ̀, Alága lókè, àwókù láàárín. Màríámọ̀, ọmọ-ọmọ Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù, wà nínú àwọn ọmọ náà.

Ọmọbìnrin kan wà ní àjọ yìí tó kàwé nípa kọnkéré ní tòótọ́. Hàfúsátù lorúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló ń wọ bàtà iṣẹ́ wá síbi iṣẹ́, ìyẹn sì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ po kọnkéré dẹ́kìn, ó kúnlẹ̀ níwájú Alága.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti ṣètò bí a ó ṣe pò ó. Nínú agbọ̀n òkúta mẹ́wàá, kí mẹ́ta jẹ́ àwókù, kí méje jẹ́ gíráńẹ́ẹ̀tì. A ó fọ àwókù náà kí eruku kúrò lára rẹ̀, a ó sì rẹ ẹ́ sómi, torí àwókù máa ń mu omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Bí a ò bá rẹ ẹ́, omi tí sìmẹ́ńtì fẹ́ fi le ló máa fà mu. Sìmẹ́ńtì náà sì gbọ́dọ̀ pé, sà."

Alága wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Mẹ́ta? Mẹ́ta péré? Ṣé àjọ gíráńẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi mí ṣe alága rẹ̀ ni? Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá! Àwókù pọ́ńbélé!"

"Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá!" Kingsley pàtẹ́wọ́. "Máàkì tí Alága ti ń gbà láti kékeré nìyẹn!"

Ẹni tó bá bá Alága kàwé mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n Alága ò tíì parí. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó pe Soliu, ọ̀gá àwọn bíríkìlà.

"Soliu, búlọ́ọ̀kù tí ẹ rún yìí, kí ni wọ́n fi ṣe é nígbà àkọ́kọ́?"

"Yanrìn àti sìmẹ́ńtì ni, sà."

"Ẹ̀hẹ́n! Sìmẹ́ńtì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ọbẹ̀ àná tí ìyàwó rẹ gbé kaná láàárọ̀ yìí, ṣé ó tún bu iyọ̀ sí i?"

Soliu họ orí. "Rárá o, sà."

"Ó parí! Sìmẹ́ńtì tí ọmọbìnrin yìí kọ sílẹ̀, ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, ẹ fi ìdá kan sí i. Ìyẹn gan-an, àánú ni mo ṣe."

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà á, ẹ ṣe sùúrù fún un. Ọkùnrin tí kì í wọ ilé ìdáná ló ń fi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kọ́ni níṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, àwọn tó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò lórí ni wọ́n pa tiwọn kíkankíkan jù, kó má baà wo ojú wọn. Hàfúsátù nìkan ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n pò ó bí Alága ṣe wí, wọ́n dà á, wọ́n sì fi igi ọparun gbé e dúró láti ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ kọnkéré ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ń pò ó, wọ́n á bu díẹ̀ sínú móòdù onígun mẹ́rin, á di búlọ́ọ̀kù kékeré tí ọwọ́ méjì lè gbé. Wọ́n á rì í sómi fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tó máa tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi fọ́. Bí ẹrù tó gbé kó tó fọ́ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mọ bí ilé náà ṣe lágbára tó. Hàfúsátù ṣe ọgbọ̀n lára kọnkéré Alága. Ó wá dá mẹ́fà ṣe lára èyí tí òun fúnra rẹ̀ pò bó ṣe yẹ, ó sì fi ìṣó fa ìlà méjì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó má baà ṣì wọ́n mú.

Lọ́jọ́ kejìlá, Alága yọjú, ó bá wọn nínú omi.

"Àwọn wo lẹ rì sómi yìí? Kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

"À ń dúró kí wọ́n le ni, sà. Tó bá yá, a máa kó wọn lọ sí Òṣogbo lọ fọ́."

"Fọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ fẹ́ fọ́? Kingsley, o gbọ́ bí?"

"Mo gbọ́, sà! Ó dà bíi kí èèyàn bímọ, kí agbẹ̀bí ní kí òun gbé e sọ mọ́lẹ̀ ná, kí òun lè mọ̀ bóyá eegun rẹ̀ le."

Ojú Alága tàn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa: ìnáwó tí kò bá ní ẹ̀bùn àmúrelé, ẹnu ni wọ́n fi ń bù ú jẹ kí wọ́n tó délé. Ẹlòmíràn ń pín ike, ẹlòmíràn ń pín tówẹ̀lì. "Èmi á pín kọnkéré!" ni Alága wí. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ wúrà, kí wọ́n lẹ fọ́tò òun mọ́ ọn. Hàfúsátù bẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ohùn tí wọ́n fi dá a lóhùn ni pé kó lọ ra ọ̀dà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín àwọn búlọ́ọ̀kù náà láti ilé dé ilé, Kingsley ń ki oríkì, àwọn èèyàn ń dúpẹ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń dúpẹ́. Kí lèèyàn fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù tó ní fọ́tò ṣe? Mùíbátù tó ń ránṣọ fi tẹ aṣọ oníbàárà mọ́lẹ̀, eruku rẹ̀ ba léèsì jẹ́. Ọkùnrin kan fi dá ilẹ̀kùn dúró, afẹ́fẹ́ fẹ́, ilẹ̀kùn náà jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀gbẹ́.

Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù ló rí ìlò gidi fún un. Garawa àti dírọ́ọ̀mù ni ìyá yìí ń tà lójúde ilé wọn ní Ìlọ́bù. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó dé láti Gánà lọ́dún 1969. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀ ní Kùmásì, ó sì ti ń pọnmi fún àwọn tó ń po kọnkéré kó tó mọ gèlè í wé. Agbo ilé wọn gba búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Ó tò wọ́n sílẹ̀, ó gbé dírọ́ọ̀mù omi ilé rẹ̀ lé wọn lórí, kí ìdí rẹ̀ má baà dógùn-ún.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, gbogbo agbo ilé gbọ́ gbìì. Dírọ́ọ̀mù ti ṣubú, omi gba gbogbo ojúde, bàtà àwọn ọmọ ń léfòó lọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Mẹ́ta nínú búlọ́ọ̀kù náà ti di ẹrẹ̀, ojú Alága nínú fọ́tò ń rẹ́rìn-ín láàárín rẹ̀. Ìkẹrin wà níbẹ̀ digbí, etí rẹ̀ kan ò ṣí. Ó nù ún, ó rí ìlà méjì lára rẹ̀.

Ó dì í sínú ìborùn, ó wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ àjọ. Ó bá Hàfúsátù níbi tó ń gbálẹ̀, torí pé ó ti kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé pé dẹ́kìn náà le, Alága sì ti gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ìgbálẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ ló wá fọwọ́ sí ìwé náà. Ẹnjiníà kúkú ni.

"Ọmọ mi, ta ló fa ìlà yìí?"

Hàfúsátù kúnlẹ̀. "Èmi ni, Màmá."

"Àwókù kan náà ni pẹ̀lú àwọn tó di ẹrẹ̀?"

"Kan náà ni, Màmá. Mo fọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́, mo fi gíráńẹ́ẹ̀tì àti sìmẹ́ńtì tó yẹ sí i."

"Èwo ló wà lórí kíláàsì?"

Omi lé sójú Hàfúsátù. "Èyí tó di ẹrẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ làwọn ọmọ máa wọbẹ̀."

"Yéè! Màríámọ̀ mi!" Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lérí. Ẹ̀rù bà á débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láì wo ibi tó jókòó sí.

Hàfúsátù ro ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àná tí Alága sọ fún un. Nígbà tó dìde, ọ́fíìsì Alága ló kọrí sí. Ó kúnlẹ̀, ó kí i kú ìjókòó, kú iṣẹ́ ìlú, kú ìtọ́jú wa, kó tó sọ ọ̀rọ̀ dírọ́ọ̀mù. Alága rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mi tábìlì.

"Màmá! Ẹ̀yin ń fi omi ilé dán kọnkéré ìjọba wò? Kingsley, fún Màmá ní òmíràn. Fún wọn ní èyí tí fọ́tò rẹ̀ tóbi."

"Ẹ ṣeun, Alága," ni Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù wí. Ó gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹni tó bá mọ àwọn ìyá wa mọ̀ pé bí wọ́n bá dúpẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí onítọ̀hún tètè wá ibi sá sí.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà ni ìṣílé. Wọ́n rán ẹnjiníà gidi kan wá láti Òṣogbo, Ọ̀gbẹ́ni Nehemiah, pé kó wá wo ilé náà. Igi ọparun ṣì gbé dẹ́kìn dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà. Alága ní kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń ba fọ́tò jẹ́. Bí Soliu ṣe yọ èyí tó kẹ́yìn, dẹ́kìn náà rọ̀ láàárín, bí okùn tí wọ́n sá agbádá tútù lé.

"Ẹ wò ó!" ni Kingsley ké. "Ó ń tẹrí ba fún Alága!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn náà. Ọlọ́run gbọ́, ojú mi ló ṣe.

Alága gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ènìyàn Ìlọ́bù! Ẹ̀yin ènìyàn Ìfọ́n! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ohùn mi láti Ẹ̀rìn! Àwọn baba ńlá yín gbé inú ilé amọ̀, àwọn bàbá yín gbé inú búlọ́ọ̀kù, ọpẹ́lọpẹ́ èmi tí mo kó yín dé inú àwókù! Bí erin mẹ́ta bá ń jó lórí dẹ́kìn yìí, èmi Gbàdàmọ́sí á na ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, màá sùn, màá sì han-an-run!"

Ibẹ̀ ló dé tí àwọn obìnrin fi ń wọlé. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù ló ṣíwájú, ẹ̀bùn Alága wà lórí kálukú wọn. Èyí tó ti fọ́, inú abọ́ ni wọ́n kó o sí. Wọ́n dé iwájú Alága, gbogbo wọn kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú ìnáwó, Alága. Ẹ kú àlejò. Ọlọ́run á ṣe é ní àṣemọ. A wá dá ẹ̀bùn padà."

Ní tiwa níbí, kí wọ́n dá ẹ̀bùn padà fún èèyàn lójú àlejò, ó sàn kí wọ́n bú u. Àwọn obìnrin náà kó ẹrù wọn jọ síwájú bàtà rẹ̀, ó di òkìtì.

"Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wa," ni Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù ń bá ọ̀rọ̀ lọ, orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà. "Kò sí erin ní Ìlọ́bù mọ́. Dírọ́ọ̀mù ni mò ń tà. Mo ti ní kí wọ́n kó mẹ́wàá wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tò wọ́n sórí dẹ́kìn, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wá fi rọ́bà fa omi sí wọn láti ìsàlẹ̀. Kí ẹ̀yin náà jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Bó bá dúró, èmi fúnra mi ni màá fa Màríámọ̀ wọbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, màá sì máa kì yín títí màá fi kú."

Nehemiah yíjú sí i. "Màmá, ta ló kọ́ yín? Omi náà la fi ń dán dẹ́kìn wò. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í jókòó sábẹ́ rẹ̀ o."

Hàfúsátù sáré jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. "Sà, ẹ má jókòó síbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí dẹ́kìn náà nìkan dá gbé omi ọ̀hún."

Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn. Ọlọ́run fi lé Alága lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wò ó, kámẹ́rà ń wò ó, ìgbéraga sì ti fi ọwọ́ dì í lẹ́nu.

"Kọnkéré mọ olówó rẹ̀!" ni ó wí. "Ẹ gbé àga mi wá! Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ó yá, a jọ jókòó ni!"

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn rántí pé òun ò tíì kírun ìrọ̀lẹ́. Inú ń run ìkejì. Ìkẹta ní ẹni tó wà lórí fóònù ò fẹ́ kí òun gbé e sílẹ̀, fóònù náà ò sì tàn. Alága wo Kingsley.

"Sà," ni Kingsley wí, "agbẹnusọ ni mí. Ìta ni wọ́n ti ń gbẹnu sọ."

Alága nìkan ló jókòó. Wọ́n tò dírọ́ọ̀mù sókè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé àkàbà kúrò, omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ. Dírọ́ọ̀mù kìíní kún, Alága ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ìkejì kún, ó ju ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ní ìkẹta, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í jò sórí fìlà rẹ̀, ó fọwọ́ gbọ̀n ọ́n bí ẹni pé eṣinṣin ni. Ní ìkẹrin, ìlà kan là já láti ògiri dé ògiri lókè orí rẹ̀.

"Ẹ dìde, sà!" Hàfúsátù ń ké. "Ẹ pa omi! Ẹ pa omi yẹn!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Ṣé ẹ rí i báyìí pé..."

Ẹ̀là kọnkéré kan já bọ́, ó wọ ẹnu rẹ̀ tààrà. A ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé agbádá lè sáré. Ọjọ́ náà la mọ̀. Bàtà Àbújá kan ṣẹ́kù sọ́tùn-ún, ìkejì ṣẹ́kù sósì, Alága sì ti kọjá lára wa bí ìgbà tí ajá ń lé e. Kò tíì dójú títì tí dẹ́kìn fi sọ̀ kalẹ̀ lódindi sórí àga rẹ̀. Gbìrìgìdì! Omi àti eruku bo gbogbo wa.

Nígbà tí eruku náà rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó fara pa. Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù dúró, ó ń wo ibi tí àga náà wà, ó ń wo bí ibẹ̀ ṣe gùn tó, iye ìjókòó ọmọ kékeré tó lè gba ibẹ̀. Ẹkún ló bú sí. Àwọn obìnrin yòókù dì í mú, àwọn náà ń sunkún.

Nehemiah ṣa àwókù kan, ó fi àtàǹpàkò rún un, ó di lẹ́búlẹ́bú. "Ta ló ní kí wọ́n dín sìmẹ́ńtì rẹ̀ kù?"

Kingsley ló kọ́kọ́ nawọ́. "Ọkùnrin tó wà lójú títì yẹn ni! Mo ti ń bá a wí, kò gbọ́!"

Alága dúró láìwọ bàtà lẹ́bàá kòtò. "Ọbẹ̀ àná..." ló bẹ̀rẹ̀.

"Alága," ni Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù dá a lóhùn, omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀, "ọbẹ̀ àná tí ẹ bu odidi garawa omi sí, iyọ̀ ló ń tọrọ lọ́wọ́ yín."

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ìwé tó fọwọ́ sí. Ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ títí dòní. Hàfúsátù gba kálámù rẹ̀ padà. Kingsley lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ń ké "Ọbabìnrin àwókù!" láti ẹnu géètì. Hàfúsátù kí i, ó sì fi agbọ̀n gíráńẹ́ẹ̀tì hàn án pé kó gbé e rù. Wọ́n rún dẹ́kìn tó wó, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n lò ó bó ṣe yẹ kí wọ́n lò ó. Búlọ́ọ̀kù kékeré ọ̀tẹ̀ yìí dé Òṣogbo, wọ́n sì fọ́ wọn níbẹ̀. Dírọ́ọ̀mù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kún fọ́fọ́ lórí dẹ́kìn tuntun náà, wọ́n wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ wọlé, Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù di Màríámọ̀ lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì fi í sílẹ̀.

"Ṣé iyọ̀ dé ibẹ̀?"

"Ó dé ibẹ̀, Màmá," ni Hàfúsátù wí.

Ó tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọlé tán, òjò ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Alága ń kọjá lọ sí Ìfọ́n lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ó sáré dé abẹ́ ògiri, ó fẹ́ wọlé, ó wòkè, ó dúró.

Màríámọ̀ rí i. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ wọlé, sà, òjò ń pa yín. Inú ilé gbẹ."

Alága tún wòkè. Ó wo ọmọ náà, ó wo àwọn tó kù tó jókòó lórí àga kéékèèké wọn, tí wọ́n ń kọ á, bí, dí, tí kò sẹ́ni tó wòkè nínú wọn.

"Ibí yìí dáa," ló wí, ó sì dúró sínú òjò.